Lọ́fínńdà olóròóró tí mo pò nílé kì í pẹ́ lára mi: níbo ni mo ti ṣì í?

Ọmọ_Òdòdó | Ọjọ́ Ajé, 8:14 àárọ̀

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin àgbà ibí yìí. Ó ti tó oṣù méjì tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láì la ẹnu. Lónìí, ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í po lọ́fínńdà olóròóró nílé, irú èyí tí kò ní ọtí nínú, tí a máa ń yí mọ́ ọrùn ọwọ́. Mo ra ìgò kékeré ẹlẹ́nu bọ́ọ̀lù mẹ́fà, 10ml ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ra jojoba, òróró tí a fi ń bu àwọn yòókù là, pẹ̀lú òróró olóòórùn mẹ́ta: láfẹ́ńdà, bergamot (irú ọsàn kan) àti òróró èèpo ọsàn. Nínú ìgò àkọ́kọ́, mo kán ẹ̀kán márùn-ún márùn-ún nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo wá fi jojoba kún un dé ọrùn. Òórùn rẹ̀ nínú ìgò, háà! Mo pe gbogbo ará ilé wá gbọ́ ọ. Àmọ́ tí mo bá ti fi í sára, kì í ju ogójì ìṣẹ́jú lọ tó fi máa lọ, àfi bíi pé n kò fi nǹkan kan para.

Ìgò kejì ló wá burú jù. Mo ní kí n fi fànílà sí i kó lè dùn, mo bá mú èyí tó wà nílé ìdáná, omi dúdú tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì. Ẹ̀kán mẹ́wàá. Ṣe ni gbogbo rẹ̀ ko ara jọ sí ìsàlẹ̀ ìgò bí ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́. Mo mì ín títí apá fi ń ro mí. Bí mo bá ti gbé e kalẹ̀ báyìí, ó tún ti padà sí ìsàlẹ̀.

Ọjọ́ ìbí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ìgò kan ni mo fẹ́ fún un. Èrò tèmi ni pé kí n sọ ẹ̀kán márùn-ún yẹn di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó lè pẹ́. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó fi òróró tó kù ṣòfò.

Abẹ́_Igi | Ọjọ́ Ajé, 8:31 àárọ̀

Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí o kà sílẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ fífúyẹ́ ni wọ́n. Kò sí ẹni tí yóò jókòó ti ilé. Bí o bá sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, ìlọ́po mẹ́ta ohun tó ń sá lọ lo ní lọ́wọ́ yẹn.

Ìyá_Aláròpọ̀ | Ọjọ́ Ajé, 9:40 àárọ̀

Ọmọ mi, fọkàn balẹ̀. Kò sí ẹnì kan níbí tí kò tíì po irú rẹ̀ rí.

Òróró olóòórùn kì í fò kúrò lára bákan náà. Àwọn kan fúyẹ́, kíá ni wọ́n ń lọ: ọsàn, òroǹbó (lemon), bergamot. Ìyẹn la ń pè ní òórùn orí, òun ni imú kọ́kọ́ ń gbọ́, òun náà ló kọ́kọ́ ń tán, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ọgbọ̀n. Àwọn tó tẹ̀ lé e ni òórùn àárín: láfẹ́ńdà, róòsì, geranium, ylang-ylang. Àwọn yẹn lè lo wákàtí bíi mélòó kan. Lẹ́yìn náà ni òórùn ìdí, àwọn tó wúwo: patchouli, vetiver, sandalwood, òjíá. Bí ẹ̀kán patchouli kan bá kán sí aṣọ rẹ lónìí, o ṣì máa gbọ́ ọ lọ́la. Tùràrí wà láàárín méjì: ó ń ta sánsán lókè bí ọsàn, síbẹ̀ ó máa ń dúró díẹ̀ nísàlẹ̀.

Tìrẹ ò ní òórùn ìdí rárá. Ìdí nìyẹn tó fi ń pòórá. Ohun tí èmi ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mẹ́ta, márùn-ún, méjì: ìdá mẹ́ta òórùn orí, ìdá márùn-ún àárín, ìdá méjì ìdí. Fún ìgò 10ml, kán bergamot 12, láfẹ́ńdà 20, patchouli 8, kí o wá fi jojoba kún un. Ẹ̀kán ogójì lápapọ̀. Pa á dé, gbé e sínú òkùnkùn fún ọ̀sẹ̀ méjì. O máa wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ẹlẹ́rìn_Ín | Ọjọ́ Ajé, 9:52 àárọ̀

Ìyá wa, ẹ forí jì mí o, àmọ́ ṣé a ò lè wá orúkọ mìíràn fún "òórùn ìdí" yìí? Inú ọkọ̀ ni mo ti ń kà á sókè fún ọ̀rẹ́ mi. Gbogbo ọkọ̀ ló yíjú sí mi.

Ìyá_Aláròpọ̀ | Ọjọ́ Ajé, 10:05 àárọ̀

😂 Ó dáa, òórùn ìpìlẹ̀. Ọmọ burúkú.

Òṣùwọ̀n_Kì_í_Purọ́ | Ọjọ́ Ajé, 12:20 ọ̀sán

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá wa. Ọ̀rọ̀ orí, àárín àti ìpìlẹ̀ tẹ́ ẹ sọ yẹn tọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí n bá yín jiyàn níbi méjì.

Àkọ́kọ́, mẹ́ta-márùn-ún-méjì kì í ṣe òfin. Ohun tí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lè fi bẹ̀rẹ̀ ni, torí agbára òróró kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Patchouli ẹ̀kán mẹ́jọ yóò gbé láfẹ́ńdà ogún mì, ẹnu kò ní yà mí bí Ọmọ_Òdòdó bá padà wá sọ pé òórùn patchouli, tó dà bí ti ilẹ̀ tútù, nìkan lòun ń gbọ́. Bó bá jẹ́ vetiver ló bọ́ sí ipò patchouli, ẹ̀kán méjì lásán ti tó láti dá ìjà sílẹ̀.

Ìkejì, ẹ̀kán kì í ṣe ìwọ̀n. Òróró ọsàn ṣàn bí omi, ẹ̀kán rẹ̀ kéré. Patchouli ki, ẹ̀kán tirẹ̀ tóbi. Ẹnu ìgò kan máa ń kán ju òmíràn lọ. A máa ń sọ pé ogún ẹ̀kán ló wà nínú 1ml kan, àfojúbù lásán ni. Bí o bá ṣèèṣì po nǹkan tó dùn lónìí, o ò ní lè pò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ra òṣùwọ̀n kékeré tó ń ka 0.01g, irú èyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń lò. Kò wọ́n.

Òṣùwọ̀n náà ní àléébù tirẹ̀: ẹ̀kán kan lè má ju 0.03g lọ, bí òṣùwọ̀n bá fi 0.01 ṣì í, o ti ṣìnà gan-an. Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí o kọ́kọ́ bu àwọn alágbára là. Wọn 1g patchouli, fi 9g jojoba sí i, lẹ ìwé mọ́ ìgò náà: "Patchouli 10%". Nígbà tí o bá ń fẹ́ 0.10g patchouli, 1g àbùlà yìí lo máa wọ̀n. Ọwọ́ rẹ ò ní gbọ̀n mọ́. Èyí tún wúlò fún imú: ọ̀pọ̀ ògidì òróró ló ń ta imú débi pé o ò ní mọ bó ṣe rí gan-an, àfi tí o bá bù ú là.

Kí o tó po mẹ́ta pọ̀, po méjì ná. Jean Carles, tó dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn apolọ́fínńdà sílẹ̀ ní Grasse, ilẹ̀ Faransé, ní ọdún 1946, báyìí ló ṣe ń kọ́ni: mú nǹkan méjì, fi wọ́n wé ara wọn ní 9 sí 1, 8 sí 2, títí dé 1 sí 9. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ lè ṣe márùn-ún nínú rẹ̀ lórí pélébé ìwé: 9:1, 7:3, 5:5, 3:7, 1:9. Kọ ohun tí o gbọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ kan pẹ̀lú láfẹ́ńdà àti patchouli yóò kọ́ ọ ju ìgò mẹ́fà tí o fojú bù lọ.

Nọ́ọ̀sì_Òru | Ọjọ́ Ajé, 3:07 ọ̀sán

Ẹ dúró ná. Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ lórí bó ṣe máa pẹ́. Kò sẹ́ni tó wo bergamot 12 yẹn lójú?

Bergamot tí wọ́n fún láti ara èèpo ní èròjà kan tó ń jẹ́ bergapten. Bí oòrùn bá pa á lára awọ, awọ á jó bí ìgbà tí omi gbígbóná dà sí i. Ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn tó ń ṣe òórùn, IFRA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1973, ti fi òté lé e: nínú ohun tí a ń fi sára tí a kì í fọ̀ kúrò, bergamot kò gbọdọ̀ ju 0.4% lọ. Ẹ bá mi ṣírò. 0.4% nínú 10ml jẹ́ 0.04ml. Bí ogún ẹ̀kán bá jẹ́ 1ml, ẹ̀kán kan jẹ́ 0.05ml. Ìyẹn ni pé ẸYỌ ẸKÁN KAN ti kọjá ààlà nínú ìgò yẹn. Ẹ̀kán márùn-ún tí àbúrò wa fi sí i fi nǹkan bí ìlọ́po mẹ́fà kọjá. Ti Ìyá wa, ìlọ́po mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn o. Mo fi irú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọrùn lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, mo lọ jókòó sí ìta ní ọ̀sán gangan. Lọ́jọ́ kejì, ibi tí bọ́ọ̀lù ìgò gbà kọjá pọ́n, ó wú, ó wá dúdú. Ilà gígùn kan, bí ẹni fi bírọ́ọ̀ fà á. Ó lò ju oṣù mẹ́rin lọ kó tó parẹ́, gbogbo ẹni tó bá rí i ló ń béèrè ẹni tó nà mí.

Ọ̀nà àbáyọ wà. Wá bergamot tí wọ́n kọ FCF tàbí "bergapten-free" sí lára. Wọ́n ti yọ èròjà yẹn kúrò nínú rẹ̀. Òróró ọsàn dídùn kò ní ìṣòro yìí, lò ó fàlàlà. Òroǹbó tí wọ́n fún láti ara èèpo ní ààlà tirẹ̀, 2%.

Kí n tó kúrò níbẹ̀: kànáfùrù àti cinnamon, pàápàá èyí tí wọ́n fi èèpo igi rẹ̀ ṣe, ẹ má fi ṣeré. Ara lè gbà á lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lọ́jọ́ kẹta ó kọ̀ ọ́. Bí ara bá sì ti kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, kì í sábà gbàgbé mọ́. Ohun tí o bá fẹ́ fún ẹlòmíràn, kí ẹni náà kọ́kọ́ fi bíńtín sí inú ìgbọ̀nwọ́, kó wò ó fún wákàtí 24 sí 48. Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin ò lóyún? Ṣé ọmọ kékeré tàbí ológbò wà lọ́dọ̀ rẹ̀? Béèrè. Ara ológbò kì í lè ṣiṣẹ́ lórí ọ̀pọ̀ òróró wọ̀nyí.

Ìyá_Aláròpọ̀ | Ọjọ́ Ajé, 4:30 ìrọ̀lẹ́

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń po bergamot, kò ṣe mí ní nǹkan kan.

Nọ́ọ̀sì_Òru | Ọjọ́ Ajé, 4:41 ìrọ̀lẹ́

Mà, ibo lẹ máa ń fi í sí?

Ìyá_Aláròpọ̀ | Ọjọ́ Ajé, 4:58 ìrọ̀lẹ́

Àyà. Abẹ́ aṣọ. Ó dáa, mo gbọ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ yẹ ìgò mi wò, wọn ò kọ FCF sí i lára. Ọmọ mi, má lo ẹ̀kán 12 yẹn. Fi ọsàn dídùn rọ́pò rẹ̀. Patchouli náà, dín in sí mẹ́ta. Àmọ́ ti òṣùwọ̀n yẹn, n kò ní rà á. Ìyá tèmi kò wọn nǹkan kan rí.

Imú_Méjì | Ọjọ́ Ajé, 7:15 alẹ́

Èmi fẹ́ bi Ọmọ_Òdòdó ní ìbéèrè kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì bi í. Ṣé ó dá ọ lójú pé ó lọ lóòótọ́?

Imú máa ń sú. Ohun tó bá ń gbọ́ lemọ́lemọ́, yóò dákẹ́ lórí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ọlọ kì í ṣe gbọ́ ariwo rẹ̀ mọ́. Fi sí ọwọ́ kan ṣoṣo, jáde kúrò nínú yàrá, ṣe iṣẹ́ mìíràn fún wákàtí kan, kí o wá ní kí ẹlòmíràn gbóòórùn ọwọ́ méjèèjì láì sọ èyí tó jẹ́ fún un. Mo ti da ìgò tó dára nù rí nítorí imú tèmi ló sú.

Ìkejì: olóròóró kì í ṣe bíi ti ọlọ́tí. Ọtí ń gbẹ, ó sì ń gbé òórùn náà fò káàkiri yàrá. Òróró dì í mú mọ́ awọ. Ẹni tó bá súnmọ́ ọ ni yóò gbọ́ ọ. Tí o bá ń retí pé kí wọ́n gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà, nǹkan mìíràn lò ń wá.

Àwọn kan ń gbé kọfí síwájú láti fi tún imú ṣe. Èmi ò rí i kó ṣe ju afẹ́fẹ́ lásán lọ. Gbóòórùn inú ìgbọ̀nwọ́ ara rẹ tí kò ní nǹkan kan, ó ti tó.

Fànílà_Gidi | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:02 àárọ̀

Ẹ ti gbàgbé ìgò kejì.

Fànílà ilé ìdáná, omi àti ọtí ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin ní kí ọtí inú rẹ̀ má dín ní 35%. Omi ló kún ìyókù. Omi àti òróró kì í bára wọn gbé. O lè mì ín títí di alẹ́, kò ní pò. Dà á nù. Má fi sára torí pé o ti ná owó lé e lórí.

Ohun tí o lè ṣe: ra èso fànílà gbígbẹ méjì tàbí mẹ́ta, là wọ́n, sá wọ́n sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ fún bí ọjọ́ mẹ́rin kí ọ̀rinrin inú wọn lè gbẹ, gé wọn wẹ́wẹ́, rẹ wọ́n sínú jojoba nínú ìgò dúdú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Bí o kò bá gbẹ wọ́n dáadáa, èbu á hù sí i. Sẹ́ ẹ pẹ̀lú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Òórùn rẹ̀ kì í le, àmọ́ ó máa ń mú kí gbogbo ìyókù rọ̀. O ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún, tètè bẹ̀rẹ̀ lónìí.

Abẹ́_Igi | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:30 àárọ̀

Tàbí kó lo benzoin. Ó jọ fànílà, ó dúró pẹ́, kò ní retí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Fànílà_Gidi | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:44 àárọ̀

Benzoin wo? Bó ṣe jẹ́ oje igi tó le ni, wọn kì í sábà tà á ní ògidì, wọ́n á ti yọ́ ọ sínú nǹkan mìíràn. Bí wọ́n bá yọ́ ọ sínú ọtí, ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ náà ló tún máa bá pàdé nísàlẹ̀ ìgò. Kó bi ẹni tó ń tà á léèrè kó tó sanwó. Ìyẹ̀fun vanillin (èròjà òórùn fànílà) náà, ẹ má jẹ́ kó tàn án jẹ. Ó lè yọ́ nígbà tí jojoba bá gbóná, kó tún dì padà bí yanrìn lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní irú ìgò yẹn nínú àpótí títí di òní.

Ewé_Nìkan | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:10 ọ̀sán

Mo dúpẹ́ pé kò sẹ́ni tó tíì dárúkọ àwọn òróró olóòórùn tí ilé-iṣẹ́ ń fi kẹ́míkà ṣe. Ohun tó bá ti ilẹ̀ hù ni kí ẹ máa lò, òun ni kì í pa ara lára.

Kẹ́mísírì_Ilé | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:26 ọ̀sán

Wèrèpè náà ti ilẹ̀ hù. Lọ fi para.

Mi ò bínú o, àmọ́ bergamot tó jó Nọ́ọ̀sì_Òru lọ́rùn, ara igi ló ti wá. Ohun tó ń pa ara lára kì í wo ibi tó ti wá. Ohun tó yẹ kí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ mọ̀ nípa òróró ilé-iṣẹ́ ni pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ṣe fún awọ. Òmíràn, fún àbẹ́là ni. Béèrè ìwé IFRA tirẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń kọ iye tó lè wà nínú ohun tí a ń fi sára. Bí kò bá ní ìwé, má rà á.

Ànfààní ńlá tí wọ́n ní ni ìpìlẹ̀. Sandalwood gidi wọ́n, àwọn mísíkì tí ilé-iṣẹ́ ṣe kò wọ́n, wọ́n sì ń pẹ́ lára. Àmọ́ ìkìlọ̀ kan: àwọn ènìyàn kan wà tí imú wọn kò lè gbọ́ mísíkì kan rárá. Èmi kò gbọ́ galaxolide, ọ̀kan nínú wọn, dáadáa. Mo fi kún, mo tún fi kún, mo rò pé kò ṣiṣẹ́, àṣé ìyàwó mi ti ṣí gbogbo fèrèsé.

Ewé_Nìkan | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:39 ọ̀sán

Wèrèpè yẹn dùn mí díẹ̀ 😅. Ó ṣì jẹ́ ewé nìkan fún èmi.

Ìgò_Dúdú | Ọjọ́ Rú, 6:50 àárọ̀

Ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń tọ́jú u, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bàjẹ́.

Láfẹ́ńdà àti ọsàn tí afẹ́fẹ́ ti wọ̀ láti ìgbà pípẹ́ ń yí padà. Kì í ṣe òórùn wọn nìkan ló ń bàjẹ́, wọ́n tún máa ń di ohun tó ń yún ara ju ti tuntun lọ. Ẹni tó ní láfẹ́ńdà kò yún òun rí, tó wá ń yún un báyìí, kó wo ọjọ́ tó ṣí ìgò náà. Kọ ọjọ́ tí o ṣí i sára rẹ̀. Ìgò dúdú tàbí aláwọ̀ búlúù, ibi tútù, kí o má fi ìgò ńlá sílẹ̀ pẹ̀lú òróró bíńtín nísàlẹ̀. Da ohun tó kù sínú ìgò tó kéré.

Jojoba dára torí pé kì í tètè kan. Ìda tó ṣàn ni, kì í ṣe òróró bíi ti àwọn yòókù. Bó bá dì nínú fìríìjì, má bẹ̀rù, yóò yọ́ padà. Òróró àgbọn tí wọ́n ti sẹ́, èyí tí kì í dì, náà dára, kò ní òórùn kankan. Álímọ́ńdì dùn lára ṣùgbọ́n ó ń yára kan. Òróró ólífì, rárá, òórùn tirẹ̀ á bá tìrẹ jà.

Má fi ìgò tó ní rọ́bà lórí, èyí tí wọ́n fi ń fa òróró sókè, tọ́jú ògidì òróró. Òróró á jẹ rọ́bà náà títí tó fi máa yọ́ sínú rẹ̀. Mo bá ẹrẹ̀ dúdú nínú sandalwood mi lọ́jọ́ kan. Mo sunkún.

Ẹlẹ́rìn_Ín | Ọjọ́ Rú, 8:15 àárọ̀

Èmi náà ní ìmọ̀ràn kan: tẹ bọ́ọ̀lù náà títí tí o fi máa gbọ́ "kọ́". Tèmi já sínú báàgì. Ọ̀sẹ̀ méjì ni owó mi fi ń ta sánsán.

Ọmọ_Òdòdó | Ọjọ́ Rú, 9:30 alẹ́

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti da ìgò kejì nù. Mo ti fọ ọrùn ọwọ́ mi, torí ọ̀sán gangan ni mo sábà máa ń jáde. Ẹ̀gbọ́n mi ò lóyún, kò sì ní ológbò. Mo ṣe ohun tí Imú_Méjì ní kí n ṣe: lẹ́yìn wákàtí kan àbúrò mi sọ pé òun ṣì ń gbọ́ "nǹkan kan bí ọṣẹ" ní ọwọ́ òsì. Láfẹ́ńdà nìyẹn, àbí? Ó jẹ́ pé kò lọ tán.

Òṣùwọ̀n ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Fànílà wà lórí pẹpẹ, ó ń gbẹ.

Òṣùwọ̀n_Kì_í_Purọ́ | Ọjọ́ Rú, 9:48 alẹ́

Láfẹ́ńdà ni. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òróró olóòórùn 10% lápapọ̀ nínú ìgò, má lọ sí 20%. Bí kò bá tó, a lè fi kún un. Èyí tó bá ti pọ̀ jù, a ò lè yọ ọ́.

Ọmọ_Òdòdó | lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àti ààbọ̀, 6:20 ìrọ̀lẹ́

Mo padà dé o. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn.

Mo fi pélébé ìwé ṣe àfiwé láfẹ́ńdà àti patchouli. 9:1 ni mo fẹ́ràn jù. Ní 5:5, àbúrò mi béèrè bóyá òjò ti rọ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Mo po èyí tí mo fẹ́ lò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo fi jojoba lásán ṣe é torí fànílà ò tíì rẹ tán. Ohun tí mo wọ̀n fún 10g rèé:

Láfẹ́ńdà 0.40g, ọsàn dídùn 0.30g, tùràrí 0.20g, àbùlà patchouli 10% 1.00g, jojoba 8.10g.

Lọ́jọ́ tí mo pò ó, n kò fẹ́ràn rẹ̀. Ọsàn ń pariwo, patchouli ń dá tirẹ̀ sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo gbé e sínú àpótí. Nígbà tí mo ṣí i lẹ́yìn ọjọ́ kẹtàdínlógún, wọ́n ti gbọ́ra wọn yé. Mo fi í sí inú ìgbọ̀nwọ́ fún ọjọ́ méjì, kò yún mi. Ẹ̀gbọ́n mi náà gbìyànjú rẹ̀, mo parọ́ fún un pé fún ọ̀rẹ́ mi ni. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta ó ṣì ń gbé ọwọ́ sí imú. Nígbà tí fànílà rẹ tán, mo pò ó lẹ́ẹ̀kejì bákan náà, jojoba onífànílà rọ́pò lásán. Ìyẹn ni màá fún un lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ìwọ̀n kan náà ni, ó rọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ìbéèrè kan ló kù. Kí ló dé tí 10g kò gba inú ìgò 10ml? Ó kún, ó dà sórí tábìlì, odindi tábìlì ìkàwé mi ló ń ta sánsán báyìí.

Òṣùwọ̀n_Kì_í_Purọ́ | lọ́jọ́ kan náà, 6:37 ìrọ̀lẹ́

Áà! Ẹ̀bi mi ni, ó yẹ kí n ti sọ ọ́. Jojoba fúyẹ́ ju omi lọ: 1ml rẹ̀ kò ju nǹkan bí 0.87g lọ. 10g yóò gba bí 11.5ml. Fún ìgò 10ml tí bọ́ọ̀lù tún máa wọ ẹnu rẹ̀, má kọjá 8g. Fi 0.8 ṣe ìlọ́po gbogbo ìwọ̀n tí o kọ: láfẹ́ńdà 0.32, ọsàn 0.24, tùràrí 0.16, àbùlà patchouli 0.80, jojoba 6.48.

Nọ́ọ̀sì_Òru | lọ́jọ́ kan náà, 7:10 alẹ́

Kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí bébà kékeré kan, so ó mọ́ ọrùn ìgò náà fún ẹ̀gbọ́n rẹ. Bí nǹkan bá yún un lọ́jọ́ iwájú, yóò mọ ohun tó máa sọ fún dókítà.

Ìyá_Aláròpọ̀ | lọ́jọ́ kan náà, 8:02 alẹ́

Ọmọ mi, o káre. Òṣùwọ̀n_Kì_í_Purọ́, bọ́tìnnì wo la máa ń tẹ̀ kó tó padà sí òdo lẹ́yìn tí a bá gbé ìgò sórí rẹ̀? Ọ̀rẹ́ mi kan ló ń béèrè.